Orí ìjókòó ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ní ọjà kan nílùú Òṣogbo níbí. A ti dá owó jọ láti kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníyàrá mẹ́fà. Mẹ́ta nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa jẹ́ akàndá: ìyá aláta kan ń lo àga onítáyà, ọkùnrin kan ń fi ọ̀pá abẹ́ abíyá rìn, ẹnì kẹta ò ríran. Bíríkìlà wa ní òun á ṣe ráńpù, òun á sì fẹ ẹnu ọ̀nà yàrá kan, ó parí. Àwọn kan lẹ́gbẹ́ tún ń sọ pé torí èèyàn mẹ́ta, àyè á ṣòfò. Ṣé ráńpù àti ìlẹ̀kùn gbòòrò ti tó? Bí kò bá tó, kí ni ká ní kó ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá akọ̀wé, ẹ kú akitiyan o. Kò tó. Bíríkìlà yín ò purọ́ fún yín, ohun tó mọ̀ ló sọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nípa akàndá ò ju pé ó gbọ́dọ̀ ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n ta ló ń lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ torí àtiwọlé? Ó fẹ́ jókòó, ó fẹ́ ṣe ohun tó bá wá, ó fẹ́ ṣan ara rẹ̀, ó fẹ́ dìde, ó fẹ́ jáde, kí ẹnikẹ́ni má gbé e bí ẹrù, kí ẹnikẹ́ni má sì rí ìhòòhò rẹ̀. Ráńpù ò mọ nǹkan kan nípa gbogbo ìyẹn.

Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya àwòrán ilé jẹun, wọ́n gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún mi yà, níbi tí èrò ń pọ̀ sí. N ò ní dárúkọ ibẹ̀. Mo ya ráńpù, mo fẹ ẹnu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n ya àwòrán àga onítáyà sára ìlẹ̀kùn. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣí i, bàbá kan tó ń lo àga onítáyà ní kí wọ́n jẹ́ kóun dán an wò. Ó gun ráńpù, ó wọlé. A ń retí kó tìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn ò tì: inú ni mo ní kó máa ṣí sí, àga bàbá sì ti gba ojú ibi tó yẹ kó gbà kọjá. Mo wá fi ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ sí àárín gbùngbùn ògiri ẹ̀yìn bí ìtẹ́ ọba. Àyè tó kù lápá ọ̀tún ò gba àga, tòsì náà ò gbà á. Bàbá dúró síwájú rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹńjíníà, ilé yín mà rẹwà o. Ṣé kí n kàn máa wò ó ni?"

Lọ́sẹ̀ kejì mo wá bàbá náà lọ sílé, mo bẹ̀ ẹ́ kó fi bó ṣe ń ṣe é hàn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, torí inú ẹ̀ ni gbogbo ìdáhùn yín wà. Ó wa àga rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ o, kì í ṣe iwájú, títí táyà ẹ̀yìn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Ó ti búréèkì. Ó yọ ìgbọ́wọ́lé àga tó wà lápá ibi tó ń lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kúrò lórí ibi tó gbé wọn lé, ó tò wọ́n sílẹ̀. Ó na ọwọ́ kan di irin tó wà lára ògiri lódìkejì mú, ó fi ìkejì tẹ orí àga rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó gbé ìdí sókè, ó sì sún un kọjá. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ni ara rẹ̀ fi wà láàárín àga méjì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yẹn, bí irin bá mì, bí ilẹ̀ bá tutù, bí ìjókòó kan bá ga ju ìkejì lọ, ọsibítù ló kù.

Nítorí náà, Ìyá akọ̀wé, ẹ sọ fún bíríkìlà pé orí ìjókòó ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilé, kó máa bọ̀ síta.

Àárín gbùngbùn ìjókòó gbọ́dọ̀ súnmọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ kan kí ọwọ́ lè tó irin. Ìwọ̀n táwọn ará Amẹ́ríkà fi sófin wọn, láti àárín gbùngbùn yẹn dé ògiri, ni íńṣì 16 sí 18. Apá kejì gbọ́dọ̀ ṣófo pátá kí àga onítáyà lè dúró síbẹ̀: kí wọ́n má gbé garawa síbẹ̀, kí wọ́n má gbé ìgbálẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n má ri ike omi mọ́bẹ̀. Iwájú rẹ̀ náà nílò àyè tí àga lè gbà yí po, ẹsẹ̀ bàtà 5 ní ìbú àti òró. Tí wọ́n bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ní yàrá náà ò gbọ́dọ̀ kéré sí mítà kan àbọ̀ ní ìbú àti mítà 2.2 ní gígùn, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 7 àti díẹ̀. Èmi á ní kẹ́ ẹ ṣe é ní 6 sí 8 tí ilẹ̀ bá gbà yín láyè, torí bíríkìlà á rẹ́ ògiri, á lẹ táìsì, íńṣì méjì-mẹ́ta á sì ti bá ìyẹn lọ láìsẹ́ni tó kà á.

Gíga ìjókòó: àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ̀ǹtímítà 48, Amẹ́ríkà gba 43 sí 48. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà wa kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ wá èyí tó gbówó lérí káàkiri; ẹ ní kí wọ́n da kọnkéré pẹlẹbẹ sábẹ́ èyí tẹ́ ẹ bá rà kó lè ga tó. Ṣùgbọ́n kọnkéré yẹn ò gbọ́dọ̀ yọ síta ju ìsàlẹ̀ ìjókòó lọ. Mo ti rí ibi tó yọ bí àtẹ̀gùn, iwájú àga onítáyà ń forí sọ ọ́, kò lè súnmọ́ tòsí mọ́.

Irin ìdìmú wá ni ibi tí wọ́n ti máa ń rẹ́ wa jẹ jù. Wọ́n á fi ìṣó àti ike inú ògiri kàn án mọ́ búlọ́ọ̀kù íńṣì 6, a sì mọ̀ pé inú búlọ́ọ̀kù yẹn ihò ni. Bí ẹni tó sanra bá fi gbogbo ara gbára lé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti tú. Ìwọ̀n Amẹ́ríkà ní irin yẹn gbọ́dọ̀ gba ẹrù 250 pọ́n-ùn, tó jẹ́ bí kílò 113, láìmì. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyí: kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, kí bíríkìlà rọ kọnkéré kún ihò gbogbo búlọ́ọ̀kù tí irin máa wà lára wọn, kó sì ti ri ẹsẹ̀ irin náà mọ́ ọn. Kí àwọn jórinjórin lo páìpù tí kì í dípẹtà, èyí tí ọwọ́ lè ká, tí kò ju íńṣì méjì lọ ní sísanra, kó sì jìnnà sí ògiri ní íńṣì kan àbọ̀ kí ìka lè wọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n kí apá má lè há sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan sára ògiri ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan sẹ́yìn, ní gíga íńṣì 33 sí 36 láti ilẹ̀. Ẹ tún ri ọ̀kan tó lè ṣẹ́ sókè-sódò sí apá tó ṣófo. Ọjọ́ tí wọ́n bá parí ẹ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí bíríkìlà fúnra ẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ rọra máa wo ojú ẹ̀.

Mo ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa àga onítáyà, ṣùgbọ́n ẹ wo àárín ìgboro wa níbí, láti Old Garage dé Ọjà Ọba. Mélòó nínú àwọn akàndá wa ló ní àga onítáyà tó lè wọ yàrá? Àwọn kan wà tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti mú láti kékeré, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rìn, wọ́n á wọ bàtà ọlọ́pọ́ǹbé sí ọwọ́ bí àwa ṣe ń wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀. Àwọn kan ń lo kẹ̀kẹ́ ńlá oníẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fi ọwọ́ wà, èyí tó gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ. Kò sí ìwé òyìnbó tí mo kà níléèwé tó rántí wọn. Ẹni tó ń fi ọwọ́ rìn, ọwọ́ tó fi ń tẹ ilẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ló máa fi jẹun. Ilẹ̀ tó rẹ jẹ́ ìdọ̀tí lásán fún ẹ̀yin àti èmi, àmọ́ ó ń wọ inú abọ́ tirẹ̀. Ìjókòó tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 48 sì dà bí òkè fún un. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pèpéle kékeré kan tó ga tó ìlàjì ìjókòó, tó lẹ̀ mọ́ ògiri lápá ibi tí irin wà, kí ó má baà gba àyè àga onítáyà. Á gun ìyẹn ná, á sinmi, á wá fi irin fa ara rẹ̀ sókè. Ti kẹ̀kẹ́ ńlá, ẹ ṣe ibi ìgbékalẹ̀ tó lórùlé lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kẹ́ ẹ fi irin sí i tó máa dì mú bọ́ sílẹ̀.

Omi. Òyìnbó máa ń fi bébà nù, àwa omi la fi ń ṣan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ omi kì í fìgbà gbogbo yọ. Níbo ni garawa àti búútà máa wà? Tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà, ẹni tó ti jókòó ti há síbẹ̀ nìyẹn. Ẹ ri ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ògiri lápá irin, níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè tó láìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣe pèpéle bíńtín sábẹ́ rẹ̀ tí búútà tàbí ife lè jókòó lé. Kó jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ tì, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ìka lọ́. Ìka elòmíràn ò lágbára àtilọ́ nǹkan. Táńkì orí òrùlé kẹ́ ẹ má fi ṣeré, torí ẹni tó ń fi ọ̀pá méjì rìn ò ní ọwọ́ kẹta tó máa fi gbé garawa. Kòtò ìfọwọ́ náà, kí etí rẹ̀ má ga ju íńṣì 34 lọ, kí abẹ́ rẹ̀ sì ṣófo, kí orúnkún ẹni tó jókòó lè wọ abẹ́ ẹ̀.

Ti ọkùnrin yín tó ń lo ọ̀pá, ọ̀tá rẹ̀ ni táìsì tó ń dán. Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ á fẹ́ táìsì tó ń tàn bí dígí kí ọjà lè lẹ́wà. Ẹ lẹ ìyẹn mọ́ ògiri. Ilẹ̀, kọnkéré tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha ojú rẹ̀ tàbí táìsì tó le lójú ni kẹ́ ẹ lò, kó dẹ̀gẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ihò omi kí omi má baà dárogún.

Ìlẹ̀kùn: kó ṣí síta. Àwọn káfíńtà á ní ìlẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 3 ni àwọn ṣe, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yọ férémù àti sísanra ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀ kúrò, ó lè má ku ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i, kẹ́ ẹ wá na tépù sí àyè tó kù; kò gbọ́dọ̀ dín ní íńṣì 32. Ẹ ri irin gbọọrọ kan mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn kí ẹni tó wọlé lè fi fà á dé. Ìdè inú rẹ̀ kó tóbi, kó ṣeé ṣí láti ìta bí èèyàn bá dákú sínú. Kó sì ní àmì pupa àti àwọ̀ ewé tó máa fi hàn bóyá ẹnì kan wà nínú. Ẹ ò ní adití nínú àwọn mẹ́ta tẹ́ ẹ kà, àmọ́ oníbàárà yín lè jẹ́ ọ̀kan. A máa ń kanlẹ̀kùn, ẹni tó wà nínú á húkọ́, a mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Adití ò ní gbọ́ kíkàn, kò ní húkọ́, ẹ ó kàn já wọlé bá a ni. Àmì pupa yẹn ló máa bá a húkọ́.

Níbo ni yàrá yìí máa wà? Ẹ má fi sínú apá obìnrin, ẹ má fi sínú apá ọkùnrin. Kó ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ láti ìta. Bí ìyá aláta yín bá nílò ìrànlọ́wọ́, ó lè jẹ́ ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló máa tẹ̀ lé e. Ṣé ẹ fẹ́ kó gba àárín àwọn ìyá tó ń ká ìró kọjá ni? Selwyn Goldsmith, ayàwòrán-ilé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú ní 1956, ti jà fún irú yàrá tí ọkọ àti aya lè jọ wọ̀ yìí láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Lọ́dọ̀ wọn ní England báyìí, láti January 2021, àwọn ilé ńlá kan tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ gbọ́dọ̀ tún ní yàrá mìíràn tó tó mítà 3 ní ìbú àti mítà 4 ní gígùn, tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ tí ń gbé èèyàn, fún àgbàlagbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí fún. N ò ní kẹ́ ẹ ṣe ìyẹn. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ ń bèèrè kì í ṣe àṣejù.

Ẹni yín tí kò ríran, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń gbàgbé. Kí nǹkan wà níbi tó wà lánàá, ó tán. Kí ohunkóhun má yọ lára ògiri ní gíga orí láìkanlẹ̀, torí ọ̀pá rẹ̀ á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, iwájú orí ló máa fi mọ̀. Kí lẹ́tà tó wà lára ìlẹ̀kùn yọ sókè, kí ọwọ́ lè kà á. Fún àwọn tójú wọn ríran díẹ̀, àti àwọn àfín tí ìmọ́lẹ̀ máa ń gún lójú, ìjókòó funfun lórí táìsì funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri funfun ò yàtọ̀ sí òkùnkùn. Ìlú aró la wà. Ẹ má sọ fún mi pé a ò mọ bí dúdú ṣe ń gbé funfun yọ. Ẹ kun irin ìdìmú ní àwọ̀ aró, kẹ́ ẹ fa ìlà kan náà yí ẹnu ọ̀nà ká.

Ráńpù wá kù, èyí tí bíríkìlà yín fi bẹ̀rẹ̀. Íńṣì kan sókè, íńṣì 12 síwájú, bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe ráńpù, ọ̀nà tí wọ́n ń ti ọ̀kadà gbà wọ ìyẹ̀wù ni. Bí ilẹ̀ ilé yín bá fi àtẹ̀gùn mẹ́ta ga, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, ìyẹn 45. Ráńpù yín gbọ́dọ̀ gùn ní mítà 5.4. Bí kò bá sáyè tó tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kẹ́ ẹ sọ ilẹ̀ ilé kalẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹ bo gọ́tà tó wà níwájú náà dáadáa. Mo ti rí ráńpù tó dára tó parí sétí gọ́tà gbàgede.

Àwọn tó ní àyè á ṣòfò: ẹ bi wọ́n léèrè ìyá mélòó ni orúnkún ń dùn nínú ọjà yẹn, tí kò lè lóṣòó mọ́. Aláboyún ń kọ́? Ìyá ìbejì tó gbé ọ̀kan pọ̀n tó fa ìkejì lọ́wọ́ ń kọ́? Àlejò tó wá fún ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ ń kọ́? Yàrá yẹn lè jẹ́ èyí tí wọ́n máa lò jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí wọn ò bá gbà, ẹ rán wọn létí òfin ìjọba àpapọ̀ tọdún 2018 tó dáàbò bo àwọn akàndá. Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú ní January 2019, ó fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń lò ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe. Ọdún 5 yẹn ti pé láti January 2024. Òfin náà ní òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ sí àwòrán ilé tó tàpá sí ìlànà lè san owó ìtanràn tí kò ní dín ní mílíọ̀nù kan náírà, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún 2, tàbí méjèèjì. Torí náà àwọn ìwé àwòrán yín, kẹ́ ẹ jẹ́ kí yàrá yẹn hàn nínú rẹ̀ kedere kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún àwọn aláṣẹ.

Ohun kan ló kù tí mo bẹ̀rù jù, kò sì sí nínú àwòrán kankan. Bí ẹ bá parí ilé yìí, oṣù mẹ́ta ò ní pé tí ẹni tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà máa fi kó ìgbálẹ̀, ọṣẹ àti garawa rẹ̀ sínú yàrá tó fẹ̀ jù, á sì fi àgádágodo tì í. Yóò ní akàndá ò tíì wá lónìí. Akàndá á dé, wọn á máa wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni yẹn ti lọ sí Ọláìyá. Ẹ kọ́ ibi ìkẹ́rùsí kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má rí àwáwí. Ẹ tún fi sínú ìwé àdéhùn rẹ̀ pé yàrá yẹn ò gbọ́dọ̀ ní àgádágodo, àti pé ẹni tó bá tẹ̀ lé akàndá wọlé kò ní san owó tirẹ̀.

Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ bu eérú, kẹ́ ẹ fi ya yàrá náà sórí ilẹ̀ gbalasa bó ṣe máa rí gan-an, ògiri, ìlẹ̀kùn, gbogbo ẹ̀. Ẹ gbé àpótí ìjókòó kan sí ibi tí ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ máa wà. Ẹ bẹ ìyá aláta kó wa àga rẹ̀ wọlé, kó yí, kó bọ́ sórí àpótí, kó padà. Ibikíbi tí táyà rẹ̀ bá ti pa eérú rẹ́, ẹ sún ògiri kúrò níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ìwọ̀n tẹ́ ẹ bá rí, n ó bá yín yà á sórí ìwé.